A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ipò Aláìsàn nínú Ìtàn Oògùn Niprisan

Ìfáárà

Láyé àtijọ́, ní Ìkẹ́rẹ́, Ìṣẹ́, Ẹmùré àti jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, àbíkú ni wọ́n sábà máa ń ka àwọn ọmọ tó ń kú léraléra sí. Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní ti fi hàn pé àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde wà lára ohun tó ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn oògùn kan tí a ṣe fún àìsàn náà, láti wádìí ibi tí aláìsàn wà nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń pinnu lórí rẹ̀.

Bí oògùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọmọ Yorùbá ni Àlùfáà P. O. Ogunyale, ẹni tí ìmọ̀ oògùn náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Irúgbìn ìyẹ̀rẹ̀, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ni èròjà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀, NIPRD, ní Abuja, bá a ṣe àdéhùn. Lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ni wọ́n ti yẹ oògùn náà wò lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001 pé ó ń dín ìrora kù. Ní 2002, NIPRD fún ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà láṣẹ láti máa ṣe é. Ní oṣù keje 2006, oògùn náà jáde fún títà pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá 2008, gbèsè gbé Xechem dé ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà.

Ta ni wọ́n bi léèrè?

Ẹni tó ni ìmọ̀ ní àdéhùn tirẹ̀. Ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ní tiwọn. Àwọn tó yá Xechem lówó ní òfin tó gbèjà wọn. Àwọn aláìsàn tó gbà kí a dán oògùn wò lára wọn kò sí nínú àdéhùn kankan nínú ìwọ̀nyí. Òótọ́ ni pé ohùn wọn nìkan kò lè san gbèsè. Síbẹ̀, wọn ì bá lè béèrè ohun kan tí olówó kò ní rántí: kí ni kí ẹni tó ti ń lo oògùn náà ṣe bí ó bá dáwọ́ dúró?

Ní oṣù kejì 2014, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà pe àwọn tó ní àìsàn yìí jọ láti sọ ohun tó ń ni wọ́n lára jù. Ìrora ni wọ́n mẹ́nu bà. Wọ́n mẹ́nu ba àárẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ẹni tó wà níta kò lè fojú rí.

Ìgúnlẹ̀

Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pa ilé-ìwé jẹ nítorí àìsàn yìí lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: kí ó bi ọmọ náà léèrè, kí ó tó pinnu fún un.