Kùmásì Tàbí Àbíjàn: Ohun Tí Àwọn Baba Wa Wọ̀n Àti Èyí Tí Wọn Kò Wọ̀n

Ìbéèrè kan wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn lónìí, láti Ṣakí dé Ìséyìn, láti Kìṣí dé Òkehò: ìlú wo ni kí n lọ? Ẹni tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi London wé Manchester. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà ní Kánádà ń fi Toronto wé Calgary. Wọ́n ń ṣírò owó ilé, owó ọkọ̀, owó oṣù àti bí òtútù ibẹ̀ ṣe rí. Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Àwọn baba ńlá àti ìyá ńlá wọn ti bèèrè irú rẹ̀ rí, àmọ́ Kùmásì àti Támálè ní ilẹ̀ Gánà, tàbí Àbíjàn ní Côte d'Ivoire, ni ìlú tí wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n. Ó yẹ kí a tún ìtàn bí wọ́n ṣe yàn àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ sọ, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú ìṣirò àwọn ọmọ ìwòyí.

Kí ló lé wọn kúrò nílé? Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti òwú ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n kòkó tó sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ìbàdàn àti Oǹdó di olówó kò bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu. Ojú irin tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin. Kò yà sí Òkè-Ògùn rárá. Ìjọba Òyìnbó sì mú owó orí dé, owó Òyìnbó ni a sì gbọ́dọ̀ fi san án. Lóòótọ́, àwọn ahunṣọ Ìséyìn kò fi aṣọ òfì híhun sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn sí ibi tí owó ńlá wà.

Ibi tí owó wà nígbà náà ni Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ojú irin tó gbéra láti Sekondi gba ibi ìwakùsà wúrà ní Tarkwa àti Obuasi kọjá, ó sì dé Kùmásì ní 1903. Nígbà tí yóò fi di 1911, ilẹ̀ náà ti gba ipò kìíní ní gbogbo àgbáyé nínú kíkó kòkó jáde. Ní ìhà àríwá rẹ̀, ìjọba Òyìnbó gbé olú ìlú agbègbè náà lọ sí Támálè ní 1907. Awakùsà ń fẹ́ aṣọ, àgbẹ̀ ń fẹ́ àdá àti àtùpà, ìyàwó ilé ń fẹ́ abọ́, abẹ́rẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ará Ìgbòho, Kìṣí, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí, pẹ̀lú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin, rí àǹfààní yìí. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ fi ẹsẹ̀ rìn gba ilẹ̀ Dàhómì àti Tógò kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìgbà tó yá ni ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ló dé tí wọ́n fi la ilẹ̀ Faransé kọjá láì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀? Ohun mẹ́ta ni wọ́n wọ̀n.

Èkíní ni owó. Láti 1912 ni àjọ kan náà ti ń tẹ owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ṣílè tí ènìyàn pa ní Kùmásì, ṣílè náà ni yóò ná ní ọjà Ṣakí láì pàdánù kọ́bọ̀. Ẹni tó bá lọ sí ilẹ̀ Faransé, fàráńkì ni yóò mú bọ̀, yóò sì wá ẹni tí yóò bá a ṣẹ́ ẹ.

Èkejì ni òfin. Ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ará Ìgbòho àti ará Kùmásì. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, iṣẹ́ àfipáṣe ń bẹ, wọn kò sì fòpin sí i títí di 1946. Àbíjàn fúnra rẹ̀ kò tíì di ìlú ńlá. 1934 ni wọ́n sọ ọ́ di olú ìlú, èbúté ńlá rẹ̀ kò sì ṣí títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950.

Ẹ̀kẹta, tó wúwo ju méjì ìṣáájú lọ, ni ènìyàn. Bí a bá sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò yan ìlú. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n yàn. “Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Támálè” ti tó ìdáhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yóò lọ bá ìbátan rẹ̀, yóò sìn ín fún ọdún mélòó kan, yóò kọ́ ọjà àti èdè, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá rẹ̀ yóò fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró. Òun náà yóò sì ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ nílé. Bí ìlú kan ṣe ń di ti àwọn ará Ìgbẹ́tì, tí òmíràn ń di ti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, nìyẹn. Ọ̀nà kan náà ni ó gbé àwọn ará Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, lọ sí Àbíjàn: àwọn tó ṣáájú wọn ló fa àwọn tó kù.

Yíyàn náà so èso. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gánà ní 1960, àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000. Àwọn obìnrin wa kò lọ ṣe àwòrán. Púpọ̀ nínú wọn ń ná ọjà tiwọn pẹ̀lú owó tiwọn. Ilé onípáànù tí owó Gánà kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí ní Ìgbòho, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì.

Àmọ́ nígbà tí ọjà ń tà, òṣùwọ̀n ń yí padà. Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, 1957. Ní 1958 ó tẹ owó tirẹ̀, Nàìjíríà sì tẹ tirẹ̀ ní 1959: ìdí kìíní ti lọ. Ní 1960 Nàìjíríà náà gba òmìnira. Ará Ṣakí tó sùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ abẹ́ ọba kan náà jí gẹ́gẹ́ bí àjèjì: ìdí kejì ti lọ. Ìdí kẹta nìkan ló kù, ìyẹn ẹ̀gbọ́n tó wà ní Támálè. Ẹ̀gbọ́n náà sì ti di àjèjì bí àbúrò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò tún òṣùwọ̀n gbé. Ta ni yóò sì dá wọn lẹ́bi? Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún níbì kan, tó bímọ síbẹ̀, tó ń sọ èdè ibẹ̀, kò ní rò ó pé àlejò ni òun.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbé gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó fi Gánà sílẹ̀. Iṣẹ́ ti ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ náà, gbèsè wà lọ́rùn ìjọba, àlejò tó ń tajà sì ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Àwọn tí wọ́n bí sí Gánà gan-an kò yọ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba owó àwìn, kò tó láti ta ilé. Ọjà tí wọ́n kó jọ fún ogún ọdún di ohun tí à ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Nàìjíríà tí wọ́n sì ń padà sí ṣì wà lẹ́nu ogun abẹ́lé.

Ibí yìí ni kí ẹni tó ń yan ìlú ti fetí sílẹ̀. Ẹni tó yan Támálè dípò Kùmásì, ẹni tó yan Accra dípò Támálè, àṣẹ kan náà ló lé gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì kò já mọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ohun tó já mọ́ nǹkan ni ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹni àti ohun tó ní sílé. Ilé onípáànù gba àwọn tó kọ́ ọ lọ́wọ́ òjò, ṣùgbọ́n kò bọ́ wọn. Àwọn tó ní ilé láìní òwò nílé padà sídìí ọkọ́ àti àdá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu ọjà. Àwọn kan tún gbéra, wọ́n forí lé Èkó, ilẹ̀ Hausa tàbí Côte d'Ivoire.

Ṣé Àbíjàn ni wọn ì bá ti kọ́kọ́ yàn ni? Rárá. Ní oṣù Kẹwàá, 1958, àwọn aráalú dìde sí àwọn ará Dàhómì àti Tógò ní Àbíjàn, wọ́n sì lé wọn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, ọ̀rọ̀ ta ni onílé, ta ni àlejò, tún gbilẹ̀ níbẹ̀, títí ó fi wà lára ohun tó dá ogun 2002 sílẹ̀. Àwa náà kò mọ́. Ní oṣù Kìíní, 1983, ìjọba Nàìjíríà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Gánà. Àpò onílà tí à ń pè ní “Ghana Must Go” ni ẹlẹ́rìí ọ̀rọ̀ náà títí dòní.

Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Ní oṣù Kejì, 2022, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí yóò máa tọ́jú arúgbó àti aláìsàn. Láti ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba irú físà yẹn kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù Keje, 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbà láti òkèèrè. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ sábà máa ń ní 60 ọjọ́ láti wá ilé iṣẹ́ mìíràn tí yóò dúró fún un. London àti Manchester, òfin kan náà ni.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Owó Gánà rán ọmọ níléèwé, ó sì sọ abà di ilé. Ṣùgbọ́n kí a tó wọn ìlú kan mọ́ èkejì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn ìwé wa: ta ló lè gbà á lọ́wọ́ wa, ọdún mélòó ló kù kó tó di tiwa pátápátá, kí ni a sì ní nílé tó lè mówó wọlé bí wọ́n bá ní kí á máa bọ̀? Kí a sì máa tún un wọ̀n lọ́dọọdún, nítorí òfin kì í dúró de ẹni tó ń sùn.