Ìjọba Ọba àti Ìjọba Olómìnira ní Ilẹ̀ Pobè àti Sakété

Pobè àti Sakété jẹ́ ìlú Yorùbá ní ẹ̀ka Plateau, lẹ́bàá ààlà Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Pobè ni olú-ìlú ẹ̀ka náà, ìlú Kétu náà sì wà nínú ẹ̀ka yìí. Ìjọba méjì ni àwọn ará ibẹ̀ mọ̀: ti ọba, tí wọ́n bá láyé, àti ti olómìnira, tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1958, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń jẹ́ Dahomey.

Ìrìnàjò ni orírun ìjọba ọba. Ìtàn Kétu tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀, ti Sakété sì tọ́ka sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọni di ọmọ oyè, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan kì í fini jọba. Ìdílé márùn-ún ló ń jẹ Alákétu, ọba Kétu, ní ẹsẹẹsẹ. Bí ọba bá wàjà, ó kan ìdílé mìíràn, àwọn afọbajẹ a sì bi Ifá léèrè. Àṣìṣe ńlá ni kí a pe èyí ní ìjọba ẹnìkan ṣoṣo. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Aláàfin, ọba ibẹ̀, bá ti sú ìlú, Baṣọ̀run, olórí àwọn ìjòyè, a gbé igbá òfìfo síwájú rẹ̀. Kábíyèsí mọ ohun tí igbá náà wí: kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì láyé.

Ogun ọba Dahomey àtijọ́ pa Kétu run ní 1886. Ìlú náà tún dìde ní 1894. Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti pín ilẹ̀ Yorùbá láàárín ara wọn. Faransé sọ ọba di agbowó-orí, àwọn ènìyàn sì kọ ìyẹn: Sakété dìde ní 1905, àwọn Ọ̀họ̀rí ní agbègbè Pobè sì dìde nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ìwé òfin àti ìbò ni ìjọba olómìnira gbára lé, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó tẹ̀ lé òfin ara rẹ̀. Mathieu Kérékou fi ìbọn gba ìjọba ní 1972, kò sì sí Baṣọ̀run tí yóò gbé igbá fún un. Àpérò orílẹ̀-èdè ti oṣù Kejì 1990 ní Cotonou ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní 1991, Nicéphore Soglo fi ìbò borí rẹ̀, Kérékou sì gba ilé rẹ̀ lọ láàyè. Ní tèmi, ibí gan-an ni ìjọba méjèèjì ti yàtọ̀ jù. Ọba tí wọ́n bá gbé igbá òfìfo fún kì í padà sórí ìtẹ́. Kérékou padà wọlé nípa ìbò ní 1996.

Láti ìdìbò ìbílẹ̀ 2002 sí 2003 ni Pobè àti Sakété ti ní ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, olórí ìgbìmọ̀ náà ni wọ́n sì ń pè ní maire. Ní 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin lórí ipò àwọn ọba àti olóyè ìbílẹ̀.