Ọ̀rọ̀ Asopọ̀ Nínú Èdè Klingon: Ọ̀rọ̀ Náà Kan Àwa Náà

Èdè Klingon kò ní ìlú, kò sì ní baba ńlá. Inú fíìmù Star Trek ni ó ti wá. Òṣèré James Doohan ni ó kọ́kọ́ gbé ìró ọ̀rọ̀ díẹ̀ kalẹ̀ fún fíìmù ọdún 1979. Fún fíìmù kẹta, tó jáde ní 1984, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Marc Okrand, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ará Amẹ́ríkà. Ní 1985, ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde pẹ̀lú gírámà.

Okrand mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Gírámà èdè Mutsun, èdè àwọn onílẹ̀ Kalifóníà, ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977. Ascensión Solórsano, ẹni ìkẹyìn tó gbọ́ èdè náà yékéyéké, ti kú láti 1930.

Nínú Klingon, ohun tí ń so ọ̀rọ̀ orúkọ pọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ń so gbólóhùn pọ̀. *Je* ni ti ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ̀yìn ni ó sì ń wà: *vav SoS je*, ìyẹn "bàbá àti ìyá". *'Ej* ni ti gbólóhùn, àárín ni ó ń wà: *jISop 'ej jItlhutlh*, ìyẹn "mo jẹun, mo sì mu". Bákan náà, *ghap* ni "tàbí" fún ọ̀rọ̀ orúkọ, *pagh* sì ni fún gbólóhùn. Ẹ ka *ghap* láti ẹ̀yìn, kí ẹ mú *gh* bí ìró kan ṣoṣo: *pagh* ni ẹ ó bá. Okrand mọ̀ ọ́n ṣe!

Ọmọ Yorùbá kò níí ṣe kàyéfì. Òótọ́ ni pé "tàbí" kan náà ni à ń lò níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n "àti" ń so ọ̀rọ̀ orúkọ, "sì" ń so gbólóhùn. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fi *and* kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀, òun ni ó sì ń kó bá wa. Lónìí, a ń gbọ́ "Mo lọ sí ọjà àti mo ra iṣu" lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. "Mo lọ sí ọjà, mo sì ra iṣu" ni ó tọ́.

Ẹni tó bá fi *je* so gbólóhùn méjì nínú Klingon ti ṣi èdè sọ, ìwé gírámà ló wí bẹ́ẹ̀. Láti 1992 ni Klingon Language Institute ti wà fún àwọn tó ń kọ́ èdè náà. Bí èdè tí ẹnì kan jókòó ṣẹ̀dá bá ní olùṣọ́, tiwa tí a jogún ńkọ́? Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ má jẹ́ kí "àti" gba iṣẹ́ lọ́wọ́ "sì".