Òṣùwọ̀n Àmì Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀: Ìtàn Rẹ̀ àti Ìṣòro Kíkà Rẹ̀

Ìwé méjì tí a kó wá bá wa ní Lálúpọn ni ó fa àpilẹ̀kọ yìí. Àgbẹ̀ kan ní àdúgbò wa ni ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un ní ilé àyẹ̀wò méjì. Èkíní kọ 242, èkejì kọ 200. ‘Tíṣà, ẹ bá wa wò ó, ṣé ó ń lọ sílẹ̀?’ Àwa náà dáhùn pé ó ń lọ sílẹ̀. Àṣìṣe gbáà ni! ng/mL ni ó tẹ̀lé 242, IU/mL ni ó tẹ̀lé 200, iye kan náà sì ni méjèèjì.

Ohun tí wọ́n wọ̀n ni AFP, èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ ọlẹ̀ inú ń pèsè, tí ó sì máa ń dínkù púpọ̀ lẹ́yìn ìbí. Ní 1963, Abelev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Moscow rí i lára eku tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ní 1964, Tatarinov rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí àrùn kan náà ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní UCH, Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957, a bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ àwọn alárùn jẹjẹrẹ ní 1960, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì wà lára àwọn tí ó wọ́pọ̀ láàárín ọkùnrin níbẹ̀. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ B wà lára ohun tí ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni oró inú ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó ti bu. Ṣùgbọ́n AFP máa ń ga nínú oyún pẹ̀lú, nítorí náà kò tó láti fi dájọ́.

Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà 1,000,000,000, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni ng. IU kì í ṣe ìwúwo rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ni ó ya àwòṣe kan sọ́tọ̀ tí àwọn ilé àyẹ̀wò ń fi òṣùwọ̀n tiwọn wé. IU kan ti AFP tó nǹkan bí 1.21 ng, 200 lọ́nà 1.21 sì jẹ́ 242.

Ẹni tí ó ń ra gàrí lọ́jà mọ ohun tí à ń wí. Kóńgò ni a ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n èyí tí a lu ìdí rẹ̀ wọnú kò lè gba iye tí èyí tí a kò lù ń gbà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí PSA, tí a ń yẹ̀ wò nítorí jẹjẹrẹ abẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi 4 ng/mL ṣe ààlà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí àwòṣe tirẹ̀ ní 1999. 4 lórí ẹ̀rọ àtijọ́ wá di nǹkan bí 3.1 lórí èyí tí ó tẹ̀lé àwòṣe náà, bẹ́ẹ̀ ng/mL ni a kọ sí méjèèjì.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan a máa túmọ̀ gbogbo irú àmì wọ̀nyí sí ‘ìwọ̀n’ lásán nínú ìdánwò ògbufọ̀. A kò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ng/mL àti IU/mL dúró bí wọ́n ṣe wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a padà lọ bá àwọn ọmọ bàbá náà, a tọrọ àforíjì, a sì ní kí wọ́n kó ìwé méjèèjì lọ bá dókítà, kí ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni ó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta.