Láti Orí Dídógò Dé Orí Ìwé

Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó a wá ẹni tí yóò dógò tì í. Samuel Johnson ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921: ẹni náà a já wọlé, a ké, a pa wọ́n ládìẹ jẹ, títí wọn ó fi san. Ìtìjú gbogbo agbo ilé ni.

Lónìí, ìwé ló rọ́pò rẹ̀. Láti 1998, òfin OHADA, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ ń lò, jẹ́ kí adájọ́ lè pàṣẹ pé kí onígbèsè san, bí ẹ̀rí bá wà. Ẹ jẹ́ ká kọ iye owó àti ọjọ́ tí a dá sílẹ̀, ká sì kí i dáadáa: gbèsè là ń sìn, a kò lé ọ̀rẹ́.