Igbe Ọmọdé Lóru

Àwọn àgbà ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Òwe yìí kọ́ wa pé ọ̀ràn kì í ṣàdédé ṣẹlẹ̀, pé ó ní ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ló gbé òwe náà dúró: ó gbọ́dọ̀ dá wa lójú pé àjẹ́ ló ké. Bí ọmọ ọdún 3 bá ta gìrì lójú oorun, tó figbe ta, tó ń làágùn, tó lajú sílẹ̀ síbẹ̀ tí kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀, àjẹ́ tàbí ẹgbẹ́ ọ̀run ni ọkàn ọ̀pọ̀ òbí máa ń lọ sí. Oorun ọmọ náà gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àkókò tí igbe náà ń wáyé ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Láàárín wákàtí 1 sí 3 tí ọmọ bá ti sùn ló sábà máa ń dé, nígbà tí oorun àsùnwọra bá ti gbé e lọ. Bí ọpọlọ bá fẹ́ kúrò nínú oorun yìí, apá kan lè jí kí apá kejì ṣì máa sùn: ẹnu ń ké, ẹsẹ̀ ń ta, àyà ń lù kì-kì-kì, ọmọ kò sì tíì jí. Ní 1968 ni Roger Broughton, onímọ̀ nípa oorun, ti ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn Science pé ọ̀ràn àìjítán ni, kì í ṣe àlá. Ọ̀tọ̀ ni àlá burúkú: apá ìdájí ló sábà máa ń dé, ọmọ á jí, á sì lè rò ó fúnni. Ẹni tó ta gìrì kì í sábà rántí nǹkan kan lówùúrọ̀. Àìsùntó, ibà, ìtọ̀ tó kún inú àti ariwo wà lára ohun tó ń ru igbe òru yìí sókè.

Ẹnìkan lè ní, "Bàbá rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní kékeré, ṣé ìjà ìdílé kọ́ nìyẹn?" Lóòótọ́, ó máa ń wà nínú ẹbí, ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe ń jogún imú bàbá rẹ̀ náà ni. Ẹlòmíràn lè ní àdúrà ló lé e lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí òbí má gbàdúrà. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń dàgbà kúrò nínú rẹ̀ láìlo oògùn kankan. Ẹni tí a fẹ̀sùn àjẹ́ kàn nítorí igbe yìí, ìyá àgbà inú ilé ni tàbí ọmọ náà fúnra rẹ̀, kì í tètè bọ́ lọ́wọ́ ìyà rẹ̀. Nítorí náà, dípò ká máa fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ọmọ ni kí á tọ́jú: kí á má gbọ̀n ọ́n jí. Kí á dúró tì í kó má baà fara pa, títí yóò fi padà sùn. Kí á jẹ́ kó máa tètè sùn. Bí igbe náà bá ní àkókò kan pàtó, kí á rọra jí i ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n rìrì léraléra, bí èémí rẹ̀ bá ń dúró lójú oorun, tàbí bí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án, kí á má fi falẹ̀: ilé ìwòsàn ni kí á gbé e lọ.