Àpá Tí Ó Jinná ní Jebel Sahaba

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù ti ń jiyàn lórí ìbéèrè kan: ìjà ni ó jẹ́ ìṣẹ̀dá ọmọ ènìyàn ni, tàbí ìrẹ́pọ̀? Thomas Hobbes kọ ọ́ ní ọdún 1651 pé níbi tí kò bá ti sí aláṣẹ, olúkúlùkù a máa bá olúkúlùkù jagun. Ní 1755, Jean-Jacques Rousseau kọ ọ́ ní tirẹ̀ pé ẹni pẹ̀lẹ́ ni ènìyàn ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwùjọ ni ó bà á jẹ́. Kò sí èyí tí ó rí egungun kan ṣoṣo fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀rí tí wọn kò ní ń bẹ nínú ilẹ̀ létí odò Náílì.

Nígbà tí ìjọba Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìsédò ńlá Aswan ní 1960, ó hàn gbangba pé omi yóò bo ilẹ̀ Núbíà mọ́lẹ̀. Àjọ UNESCO ké sí àwọn awalẹ̀pìtàn gbogbo ayé pé kí wọ́n wá kó ohun tí ó bá ṣe é kó kí omi tó dé. Fred Wendorf, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó jẹ́ ìpè náà. Ní Jebel Sahaba, ní àríwá Wadi Halfa lórí ilẹ̀ Sùdáánì, itẹ́ òkú kan hàn síta ní 1964. Òkú 61 ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì ti lé ní 13,000 ọdún tí a ti sin wọ́n. Wọ́n tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ òsì, wọ́n ká ẹsẹ̀ wọn kò, orí wọn kọ sí ìlà-oòrùn, ojú wọn kọ sí gúúsù, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n sì fi bo ibojì wọn. Èéfọ́ òkúta mímú tí ó lé ní 100 wà pẹ̀lú àwọn òkú wọ̀nyí. Kì í ṣe ẹrù tí a dì fún òkú. Orí ọfà àti ti ọ̀kọ̀ ni; àwọn mìíràn ṣì há sínú egungun títí di òní.

Wendorf tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1968, láti ìgbà náà ni àwọn òǹkọ̀wé sì ti ń pe ibẹ̀ ní ojú ogun tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ. Púpọ̀ nínú wọn rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Omi ti bo ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn egungun náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni Isabelle Crevecoeur àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tún wọn yẹ̀ wò, pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ìròyìn wọn jáde ní 2021. Wọ́n rí àpá 106 tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí. Nínú òkú 61, 41 ni ó ní ọgbẹ́ lára, lára àwọn wọ̀nyí sì ni àwọn kan wà tí wọ́n ní ọgbẹ́ tí ó ti jinná àti èyí tí kò ráyè jinná pọ̀.

Bí ọgbẹ́ bá san, àpá rẹ̀ kì í ṣàì wà. Àpá yìí ni ó sì yí ìtàn náà padà. Ẹni tí a ṣá tí ó sàn, tí a tún wá ta ní ọfà, kò lè jẹ́ pé ọjọ́ kan ni ìjà rẹ̀. Sùnmọ̀mí ni èyí, kì í ṣe ogun ojú-kò-ojú: ìkọlù lónìí, ìkọlù lọ́la, ní àkókò tí ojú ọjọ́ àti odò Náílì ń yí padà, tí ilẹ̀ tí ó ṣe é gbé sì lè ti dínkù.

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé ogun ni ó sọ ara ọkùnrin di líle ju ti obìnrin lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní apá kan, ṣùgbọ́n Jebel Sahaba kò gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ tààrà. Ọgbẹ́ wà lára ọkùnrin, ó wà lára obìnrin, ó wà lára ọmọdé. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ogun nìkan ni wọ́n ti kú, àwọn géńdé ni ìbá pọ̀ jù. Egungun a sì máa fi ẹni tí ọfà bà hàn. Kì í fi ẹni tí ó ta á hàn.

Ìrẹ́pọ̀ ńkọ́? Ẹni tí apá rẹ̀ kán kò lè ṣọdẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹlòmíràn ni yóò fún un ní oúnjẹ. Òtítọ́ ni pé ẹranko pàápàá a máa sàn láìsí olùtọ́jú, nítorí náà àpá nìkan kò tó ṣe ẹ̀rí. Ibojì ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù. Charles Darwin ti sọ ní 1871 pé ẹ̀yà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni yóò borí èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2007, Jung-Kyoo Choi àti Samuel Bowles fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò tí ó fi hàn pé ìfẹ́ ará ilé àti ìkórìíra àjèjì lè gbèrú pọ̀, bí ó tilẹ̀ ṣòro fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láti dá dúró. Ìṣirò kì í ṣe ìtàn. Síbẹ̀ kò sí ibi tí ó bá ìtàn mu tó itẹ́ yìí, níbi tí ọwọ́ kan ti pa ènìyàn, tí ọwọ́ mìíràn sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, tí ó kọ ojú rẹ̀ sí gúúsù.

Ní Nataruk, nítòsí adágún Turkana ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, a rí egungun ènìyàn 27, ó kéré tán, ní 2012. Wọ́n ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 10,000 ọdún. Ìròyìn tí Marta Mirazón Lahr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2016 sọ pé a pa wọ́n ni, bí àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ń jiyàn rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn náà ti wí, kò sí ẹni tí ó sin wọ́n. Ibi tí wọ́n ṣubú sí ni wọ́n wà, ẹrẹ̀ adágún ni ó bò wọ́n.